Hitoshi Kihara, Ẹni Tí Ó Rí Bàbá Àlìkámà Nínú Koríko

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ mọ búrẹ́dì. Ẹ ti rí àwọn obìnrin tí ń gbé e lórí àtẹ kiri ní Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a fi ń ṣe búrẹ́dì. Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ òkun ni ó ń gbé e wá sí èbúté Kútọnu. Ṣùgbọ́n àlìkámà kì í ṣe àjèjì sí àgbàdo àti ọkà bàbà. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Koríko ni gbogbo wọn. Ẹ mú ewé àgbàdo, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé ẹ̀kan tí ń da àgbẹ̀ láàmú lóko. Ẹ ó rí i pé ewé méjèèjì gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan wọn sì nà láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àwọn baba ńlá ẹ̀dá mú ọ̀kan wá sí oko, wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ sí pápá.

Ta ni bàbá àlìkámà, ta sì ni ìyá rẹ̀? Inú koríko pápá wo ni ó ti jáde? Ọkùnrin ará Jàpáànì kan fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn. Orúkọ rẹ̀ ni Hitoshi Kihara. Ìtàn rẹ̀ ni a ó kà nínú ìwé yìí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1893 ni wọ́n bí Kihara ní ìlú Tokyo, olú-ìlú Jàpáànì. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Sapporo ní erékùṣù Hokkaido láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Hokkaido wà ní àríwá Jàpáànì. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìrì dídì funfun a máa bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Kihara fẹ́ràn eré orí ìrì dídì, èyí tí ènìyàn fi ń de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí ó sì ń yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò fi eré yìí sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà.

Ọdún 1918 ni ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀mọ̀wé kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tetsu Sakamura, ka fọ́nrán tí ó wà nínú oríṣiríṣi àlìkámà. Ohun tí ó rí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí Sakamura fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ó fi àwọn àlìkámà tí ó ti so pọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin Kihara kí ó máa bá wádìí wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò tán títí ọjọ́ ikú Kihara ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kí ni fọ́nrán yìí?

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹni tí kò bá mọ fọ́nrán kò lè mọ iṣẹ́ Kihara.

Bí a ti fi bíríkì púpọ̀ mọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi yàrá kéékèèké púpọ̀ kọ́ ara ènìyàn, ara ẹran àti ara ewéko. Orúkọ yàrá wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i. Àfi kí a fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú wò ó. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ohun kan wà tí ó dà bí ègé òwú kéékèèké. Àwọn ni a ń pè ní fọ́nrán. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní kròmósómù. Inú wọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ jogún wà: bí ewé yóò ti gùn tó, àwọ̀ tí hóró yóò ní, bóyá igi ọkà yóò le tàbí yóò ṣubú.

Irú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní iye fọ́nrán tirẹ̀. Ènìyàn ní 46. Àgbàdo ní 20. Ìrẹsì ní 24. Méjì méjì ni wọ́n, bí bàtà. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí ewéko bá fẹ́ bímọ, ó ní láti pèsè ẹyin sínú òdòdó, kí ó sì pèsè lẹ́búlẹ́bú akọ, èyí tí afẹ́fẹ́ tàbí kòkòrò ń gbé kiri. Nígbà náà fọ́nrán kọ̀ọ̀kan a wá èkejì rẹ̀, wọn a so mọ́ ara wọn, lẹ́yìn náà wọn a pínyà. Ìdajì a lọ síhìn-ín, ìdajì a lọ sọ́hùn-ún. Nítorí náà ìdajì fọ́nrán bàbá àti ìdajì fọ́nrán ìyá ni ó ń pàdé nínú ọmọ, iye wọn a sì tún pé.

Bí fọ́nrán kan kò bá rí èkejì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ìbaaka. Ẹṣin ní fọ́nrán 64. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ọmọ a gba 32 lọ́wọ́ ìyá, a gba 31 lọ́wọ́ bàbá. Ó di 63. Ìbaaka a lágbára, a ru ẹrù, ṣùgbọ́n kì í bímọ. Fọ́nrán rẹ̀ kò rí ẹnìkejì tí ó bá a mu.

Méje, méje, méje

Ohun tí ó wà nínú àlìkámà nìyí. Oríṣi àlìkámà kan wà tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ń gbìn, tí hóró rẹ̀ kéré. Ó ní fọ́nrán 14. Òmíràn wà tí ó ní 28. Àlìkámà líle tí a fi ń ṣe màkàróní wà nínú àwọn wọ̀nyí. Àlìkámà búrẹ́dì ní 42. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 14, 28, 42. Méje ni ó pín gbogbo wọn láìsí ìyókù.

Àwọn koríko fẹ́ràn irú àṣà yìí ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ. Ní pápá gbalasa ti àárín Amẹ́ríkà, koríko gíga kan wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Andropogon gerardii. Òmíràn nínú rẹ̀ ní fọ́nrán 60, òmíràn ní 90, ojú lásán kò sì tètè mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ṣùgbọ́n àlìkámà ni Kihara yàn. Ẹ jẹ́ kí á bá a lọ.

Ní ọdún 1920 ó kó lọ sí yunifásítì ìlú Kyoto. Iṣẹ́ rẹ̀ gba sùúrù. Ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara àlìkámà kan sórí òdòdó àlìkámà mìíràn. Lẹ́yìn náà ó ń dúró de ìkórè, ó ń gbin hóró tí ó bá jáde, ó ń dúró kí àwọn ọmọ náà yọ òdòdó. Nígbà yẹn ni ó ń mú apá akọ inú òdòdó nígbà tí ó ṣì kéré, ó ń rẹ ẹ́ sínú aró, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, ó ń fi awò wò ó, ó ń kà. Bí òdòdó bá ti gbó jù, àkókò ti kọjá. Ó di ọdún tí ń bọ̀.

Ó so àlìkámà 28 pọ̀ mọ́ àlìkámà 42. Ọmọ gba 14 láti apá kan, ó gba 21 láti apá kejì. Ó di 35. Kí ni 35 yóò ṣe nígbà tí ó bá tó àkókò láti bímọ? Kihara wò ó nínú awò. Ó rí i pé àwọn 28 so pọ̀ ní méjì méjì, ó di ìsopọ̀ 14. Ó ku 7. Àwọn 7 yìí kò rí ẹnìkejì. Wọ́n ń rìn gbéregbère nínú sẹ́ẹ̀lì, òmíràn bọ́ sápá ọ̀tún, òmíràn bọ́ sápá òsì, òmíràn sọnù pátápátá.

Kihara kò dúró níbẹ̀. Ó gbin àwọn ọmọ, ó gbin ọmọ-ọmọ, ó sì ń ka fọ́nrán ìran kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí iye fọ́nrán wọn wà ní àárín méjì, wọn kò ṣe dáadáa. Hóró wọn kò pọ̀, òmíràn kò tilẹ̀ ní hóró rárá. Bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran, àwọn tí ó kù ń padà sí 28, tàbí kí wọ́n gòkè lọ sí 42. Àárín kò ṣeé gbé.

Láti inú èyí ni òye ti yé e. Fọ́nrán 7 wọ̀nyí kì í ṣe 7 lásán. Agbo-ilé kan ni wọ́n. Agbo-ilé tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ pé ni ó lè dúró. Bí ẹni kan bá kù nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe kò ní aláṣe. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Hans Winkler, ti fún irú agbo bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní ọdún 1920. Ó pè é ní jínóòmù. Kihara ni ó fi hàn pé agbo yìí ni ohun ẹlẹ́mìí kò gbọdọ̀ ṣe aláìní bí yóò bá wà láàyè.

Ó fi lẹ́tà sọ agbo kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àlìkámà 14 ní agbo A, ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí méjì méjì ni fọ́nrán. Àlìkámà 28 ní A àti B. Àlìkámà búrẹ́dì ní A, B àti D. Ẹ ó béèrè pé C dà? A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Kí á tó lọ, ẹ gbọ́ ohun kékeré kan. Ẹ mọ̀ pé ìbẹ́pẹ akọ wà, ìbẹ́pẹ abo sì wà. Ewéko kan wà ní ilẹ̀ òtútù tí òun náà ní akọ àti abo, ewé rẹ̀ a máa kan lẹ́nu. Orúkọ rẹ̀ ni Rumex acetosa. Ní ọdún 1923, Kihara àti ẹnìkejì rẹ̀, Ono, ka fọ́nrán rẹ̀. Wọ́n rí 14 nínú abo, wọ́n rí 15 nínú akọ. Wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé fọ́nrán ni ó ń yan akọ tàbí abo nínú ewéko, bí ó ti ń ṣe nínú ẹranko.

Láti ọdún 1925 sí 1927, Kihara wà ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé àgbà Carl Correns. Lẹ́yìn náà ó padà sí Kyoto, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Pólàǹdì, Flora Lilienfeld, wá bá a ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń yin Kihara fún, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é.

Wíwá D kiri

A ti mọ̀ báyìí pé àlìkámà búrẹ́dì ní agbo mẹ́ta. A àti B wà nínú àlìkámà 28 tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ń gbìn. Nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni búrẹ́dì ti rí wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú D wá? Kò sí D nínú àlìkámà kankan tí ó ní fọ́nrán 14. Kihara ní láti jáde kúrò nínú oko, kí ó lọ wo inú koríko pápá.

Àwọn koríko kan wà tí a ń pè ní Aegilops. Wọ́n ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ, ní etí ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ oko, láti ilẹ̀ Gíríìkì títí dé àárín Éṣíà. Kò sí ẹni tí ń gbìn wọ́n. Hóró wọn kéré, èèpo rẹ̀ le, orí rẹ̀ a já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá gbó. Lójú àgbẹ̀, èpò ni wọ́n. Kihara gba irúgbìn wọn jọ, ó ń so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ àlìkámà, ó sì ń ka iye fọ́nrán tí ó bá so pọ̀.

Bí ó ti ń fi àwọn tí ó so pọ̀ mọ ẹbí nìyí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dé sí àárín agbo-ilé tí kò mọ̀, tí ènìyàn 7 sì dìde láti dì mọ́ ọn, ẹ ó mọ̀ pé ẹbí rẹ̀ ni. Ó so àlìkámà búrẹ́dì pọ̀ mọ́ koríko tí a ń pè ní Aegilops cylindrica. Fọ́nrán 7 láti apá kan so mọ́ 7 láti apá kejì. Agbo kan nìyí tí àwọn méjèèjì jọ ní.

Aegilops cylindrica ní fọ́nrán 28, ó jẹ́ agbo méjì. Kihara ti mọ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀dọ̀ koríko mìíràn, Aegilops caudata, ni ó ti wá. Ó ti pe ìyẹn ní C. Ibi tí C wà nìyẹn: ó wà nínú koríko, kò sí nínú àlìkámà. Ó wá di ìyọkúrò tí a ń ṣe ní kíláàsì. Bí a bá yọ C kúrò nínú cylindrica, D ni ó kù. Ta ni ó dà bí D láàrin àwọn koríko tí ó ní fọ́nrán 14? Kihara wo bí orí koríko kọ̀ọ̀kan ti ń já, ó wo ìrísí èèpo hóró wọn. Ó tọ́ka sí ọ̀kan: Aegilops squarrosa. Lónìí àwọn onímọ̀ ń pè é ní Aegilops tauschii.

Ọdún 1944 ni ó tẹ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn àgbẹ̀ kan ní Tokyo, ní èdè Jàpáànì. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Ogun ńlá ń lọ lọ́wọ́. Jàpáànì àti Amẹ́ríkà ń pa ara wọn. Ìwé kò lọ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Síbẹ̀ ní ọdún 1944 yìí gan-an, àwọn ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, McFadden ní Texas àti Sears ní Missouri, kéde pé Aegilops squarrosa ni ó fún àlìkámà búrẹ́dì ní agbo kẹta. Kihara kò gbọ́ nípa wọn. Àwọn náà kò gbọ́ nípa Kihara. Èpò kan náà ni apá méjèèjì nawọ́ mú. Ó ṣòro kí á sọ pé aṣìṣe ni, nígbà tí àwọn tí kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá dé ibi kan náà.

Ó ku kí á rí i kí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà so àlìkámà 28 ti inú ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ squarrosa, wọ́n sì lo oògùn kan láti sọ fọ́nrán ọmọ náà di ìlọ́po méjì. Ó di 42. Ọmọ náà dà bí oríṣi àlìkámà búrẹ́dì àtijọ́ kan. Kihara àti Lilienfeld náà ṣe tiwọn, wọn kò sì lo oògùn. Ọmọ àlìkámà 28 àti squarrosa ní fọ́nrán 21, kò sì sí èyí tí ó ní ẹnìkejì nínú wọn. Bí ìbaaka ni ó yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a gbàgbé láti pín fọ́nrán sí méjì. Ẹyin a gbé gbogbo 21 lọ, lẹ́búlẹ́bú akọ a gbé gbogbo 21 lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, 42 ni. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ti wá ní ẹnìkejì. Ìbaaka bímọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá sẹ́yìn, ní agbègbè gúúsù Òkun Caspian. Àgbẹ̀ kan gbin àlìkámà 28 sí oko rẹ̀. Èpò squarrosa wà ní àárín rẹ̀, kò rí i tu tán. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́búlẹ́bú èpò sórí òdòdó àlìkámà. Àlìkámà ni ìyá, èpò ni bàbá. Àgbẹ̀ náà kò mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Bàrà tí kò ní hóró

Ogun parí ní ọdún 1945. Ebi mú ní Jàpáànì. Ohun tí ó sọ Kihara di ẹni tí ẹni tí kò kàwé pàápàá gbọ́ nípa rẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, bàrà ni, bàrà olómi dídùn tí inú rẹ̀ pupa.

Ní ọdún 1937, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé oògùn kan tí a ń yọ láti ara òdòdó ilẹ̀ òtútù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kọlṣisíìnì, lè dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ó má pín, tí fọ́nrán rẹ̀ yóò fi di ìlọ́po méjì. Májèlé ni, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Kihara àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi í sí ara bàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bàrà ní fọ́nrán 22. Ó di 44. Wọ́n wá gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara bàrà 22 sórí òdòdó bàrà 44. Hóró tí ó jáde ní 33: agbo mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa ìbaaka, ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mẹ́ta kò ṣeé pín sí méjì. Bàrà 33 a hù, a fà, a yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kò lè ní hóró gidi. Lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ kò wúlò. A ní láti gbin bàrà 22 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè jí i. Nígbà náà èso a wú, a pọ́n, a dùn, inú rẹ̀ a sì ní kìkì èèpo funfun rírọ̀ dípò hóró. Ní ọdún 1951, wọ́n kọ bí wọ́n ti ṣe é sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, kí gbogbo ayé lè kà á.

Ìyá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín. Hóró bàrà ni àwa fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Bàrà tí kò ní hóró, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń jẹ omi inú rẹ̀, tí a sì ń tu hóró dànù, ohun iyebíye ni. Síbẹ̀ ọjà rẹ̀ kò tètè gbilẹ̀. Hóró 33 wọ́n, èèpo rẹ̀ le, kì í tètè hù, àgbẹ̀ kò sì lè tọ́jú irúgbìn láti inú èso tirẹ̀. Ọdọọdún ni yóò máa rà á. Ó di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó kún ọjà Amẹ́ríkà.

Ní 1951 kan náà, Kihara tún fi ohun mìíràn hàn. Ó fi koríko Aegilops caudata ṣe ìyá, ó fi àlìkámà ṣe bàbá. Ó mú ọmọ wọn, ó tún fi àlìkámà ṣe bàbá fún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí gbogbo fọ́nrán fi di ti àlìkámà. Ara tí ó gbé fọ́nrán náà nìkan ni ó ṣẹ́ kù láti ọ̀dọ̀ ìyá ńlá. Irú àlìkámà bẹ́ẹ̀ kò lè pèsè lẹ́búlẹ́bú akọ tí ó dára. Nítorí náà ohun kan wà tí a ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, tí kò sí nínú fọ́nrán tí Kihara ti ń kà láti ìgbà èwe. 

Ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i

Títí di ìgbà yìí, Kihara kò tíì rí bàbá àlìkámà ní ilé rẹ̀. Irúgbìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ó ń gbìn. Ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 61, ó ṣáájú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kyoto lọ sí àwọn òkè gíga Karakoram àti Hindu Kush. Apá kan nínú wọn wo yìnyín òkè, apá kan wo àwọn ènìyàn, òun àti àwọn tirẹ̀ wá àlìkámà àti koríko.

Wọ́n la Pákísítàánì àti Afuganísítàánì kọjá dé Ìráànì. Ọ̀nà kò dára, ooru mú, eruku pọ̀. Wọ́n ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń já orí koríko sínú àpò ìwé, wọ́n ń kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti já a. Squarrosa wà níbẹ̀. Ó wà ní etí oko, ó wà láàrin àlìkámà, bí ìgbà àtijọ́. Àgbẹ̀ ibẹ̀ kò gbìn ín, kò sì rí i tu tán.

Kí ni èrè kíkó èpò jọ? Ìgbéyàwó àlìkámà àti èpò kò wọ́pọ̀. Bóyá ìgbà díẹ̀ péré ni ó ṣẹlẹ̀ kí gbogbo àlìkámà búrẹ́dì ayé tó jáde. Nítorí náà ohun díẹ̀ ni àlìkámà jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ohun tí ó kù sí pápá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin àwọn squarrosa ti orí òkè àti ti etí òkun, òmíràn ń fara da ọ̀dá, òmíràn ń fara da iyọ̀ inú ilẹ̀, òmíràn kò gba àrùn tí ń mú ewé àlìkámà pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Àrùn yìí ti jẹ oko run ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí àgbàdo àti àlìkámà tí ó wà ní Mẹ́síkò ti ń tún ìgbéyàwó àtijọ́ yẹn ṣe. Wọ́n ń so àlìkámà 28 pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi squarrosa, wọ́n sì ń mú agbára tuntun wọ inú àlìkámà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn. Ẹni tí kò mọ bàbá kò lè lọ bèèrè ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Kihara ti mọ bàbá tó, kò rí ẹni tí ó mú B wá. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ìbátan Aegilops speltoides ni, ṣùgbọ́n ẹni náà gan-an kò tíì jáde sí gbangba.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀

Ìjọba Jàpáànì ti fún Kihara ní Àmì Ẹ̀yẹ Àṣà, tí ó jẹ́ ẹ̀yẹ ńlá, ní ọdún 1948. Láti 1955 títí di 1969, òun ni olórí Ilé Ìwádìí nípa Ìjogún ti orílẹ̀-èdè náà ní ìlú Mishima. Ní 1954 àwọn ará Jàpáànì dá ìwé ìròyìn kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn tí ń wádìí àlìkámà, kí ará ilẹ̀ kan má baà tún ṣiṣẹ́ tí ará ilẹ̀ kejì ti ṣe láìmọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1944.

Kò gbàgbé eré orí ìrì dídì. Òun ni ó ṣáájú àwọn ọmọ Jàpáànì lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Amẹ́ríkà ní 1960, àti ní ilẹ̀ Ọ́sítíríà ní 1964. Ẹni ọdún 70 ni nígbà náà.

Ní ọdún 1942 ni ó ti dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Kyoto. Ilé náà kó lọ sí Yokohama lẹ́yìn ogun. Ní 1984, ó di ti yunifásítì ìlú náà. Kihara kú ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1986. Ẹni ọdún 92 ni.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ èsì kíka èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó wà nínú fọ́nrán àlìkámà búrẹ́dì jáde. Fún oríṣi fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan: 1A, 1B, 1D, títí dé 7D. Kò sí C láàrin wọn.